Bàtà Ẹlẹ́sẹ̀ Kan Lórí Fẹ́ǹsì Wa

Títí di òní, bí mo bá rí bàtà kan ṣoṣo lẹ́bàá títì, ojú máa ń tì mí, bíi pé èmi ni mo jù ú síbẹ̀. Ọdún tí mo ń parí kéwú ló ti bẹ̀rẹ̀, nílé tí a gbé ní Pápá Àjàó, ilé tí kì í sinmi ariwo. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ̀rọ ìlọta ojúde wa á ti máa han, àwọn wẹ́dà òdìkejì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin, ẹni tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí kékeré ẹ̀yìn wa á sì máa gbóhùn sókè kí tiwọn má baà bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Yàrá ló kọjú sí yàrá nínú ilé náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là wọ́n láàárín, gbogbo wa sì jọ ń lo ilé ìdáná kan àti balùwẹ̀ kan lẹ́yìn. Òórùn ata díndín ti yàrá kan ló máa ń jí ará yàrá kejì. Iṣẹ́ tèmi láràárọ̀ ni kí n gbálẹ̀ iwájú ilé, kí n sì bomi rin òdòdó ìyá mi, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó bu ògì fún mi pẹ̀lú àkàrà. Ilẹ̀ gbígbá ò ni mí lára. Omi bíbu sídìí òdòdó yẹn ni mo kórìíra, torí àsìkò tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọjá lọ sílé ìwé ló máa ń bọ́ sí.

Bàtà òkìrìkà ni ìyá mi ń tà ní Ọ̀yìngbò, nítòsí ojú irin. Tí wọ́n bá ti ra béèlì tuntun, ọjọ́ Àìkú la máa ń tú u sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwa ọmọ á jókòó yí i ká, a ó sì máa wá èkejì bàtà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ẹni tó bá rí èkejì á kígbe, ìyá mi á so méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí béèlì tí a tú rí tí ẹlẹ́sẹ̀ kan ò ṣẹ́kù sílẹ̀: ẹsẹ̀ òsì bàtà obìnrin onígìgísẹ̀ gíga, ẹsẹ̀ ọ̀tún bàtà òjò ọmọdé, bàtà bọ́ọ̀lù tí èkejì rẹ̀ ti ṣẹ́kù sí ìlú òyìnbó tó ti wá. Àwọn oníbàtà yòókù máa ń da tiwọn nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ìyá mi ò lè da nǹkan nù. Wọ́n á yí bàtà náà síwá sẹ́yìn, wọ́n á ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ wo awọ gidi. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀?"

Bí ọgbà iwájú ilé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ tóóró kan wà láàárín fẹ́ǹsì àti gọ́tà, kò sẹ́ni tó ń lò ó, àfi àwọn ewúrẹ́. Ìyá mi kọ́kọ́ gbé ògbólógbòó táyà síbẹ̀, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà búlúù, wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ sí i. Abọ́ tánganran tó ti lu tẹ̀lé e, àti bùúta àlùwàlá tí ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́. Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, kọ́kọ́ ń ráhùn, ṣùgbọ́n nígbà tó yá àwọn gan-an ń gbé irin ojú fáànù tó ti bàjẹ́ wálé kí ewé lè máa fà lára rẹ̀. Àwọn bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan ló wá gorí fẹ́ǹsì. Ìyá mi tò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n gbin àbámodá sínú òmíràn, wọ́n gbin rinrin sínú òmíràn, wọ́n fi àkísà pupa tí wọ́n ya lára ìró àtijọ́ so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ irin kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Peregún ni wọ́n gbìn sí igun méjèèjì torí pé peregún kì í kú bọ̀rọ̀. Wọ́n tún lọ ṣa ìkarahun ìgbín lẹ́yìn àwọn alásè Ọ̀yìngbò, wọ́n fi yí ìdí táyà ká. Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀, wọ́n gbọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n ní, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹni tó bá ń kọjá mọ̀ pé èèyàn ń gbébẹ̀."

Ẹni tó ń kọjá sì ń dúró lóòótọ́. Wọ́n á dúró, wọ́n á wò ó, wọ́n á sì yára kọjá sí òdìkejì títì. Ìyá mi gbà pé ẹwà rẹ̀ ló ń dá wọn dúró. Bí wọ́n bá wà lójúde, wọ́n á kí olúwarẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n á ní, "Ẹ wolé, ẹ yà wá wò ó dáadáa!" Onítọ̀hún á ní, "Rárá o, Ìyá Mùínà, ó ti tó bẹ́ẹ̀." Èmi tí mo di korobá omi mú ń rí ojú wọn, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ojú ẹni tó rí ohun tó wù ú. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Mo ṣáà mọ̀ pé nǹkan kan wà lára ilé wa tí àwọn èèyàn ò fẹ́ fara kàn, ojú sì ń tì mí.

Ní ilé kéwú, wọ́n ti fún mi lórúkọ. "Ẹlẹ́sẹ̀ Kan" ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá gbé wàláà mi dé, ẹnì kan á fò lẹ́sẹ̀ kan káàkiri àárín ẹní, àwọn yòókù á máa pàtẹ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn wọlé. Ọ̀nà híhá kan wà lẹ́yìn balùwẹ̀, ibẹ̀ ni omi ìwẹ̀ gbogbo ilé ń gbà ṣàn, ẹrọ̀fọ̀ rẹ̀ dúdú, ó ń rùn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n fẹsẹ̀ wọ́ ẹrọ̀fọ̀ yẹn ju kí wọ́n rí mi tí mò ń ṣí géètì iwájú. Bí mo bá délé, mo máa ń bọ́ sálúbàtà ilé ìwé mi sẹ́nu ọ̀nà, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ìyá mi á mú un, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọn ò bi mí léèrè rí ibi tí mo ti rí ẹrọ̀fọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo rò pé iṣẹ́ ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn ju kí wọ́n ráyè bèèrè.

Ohun kan tún wà tí gbogbo ilé mọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sọ síta. Láti ìgbà tí bàtà ti gorí fẹ́ǹsì, olè ò jà nílé wa mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí a bá sá aṣọ tí a ò sì jókòó tì í, ó ti lọ nìyẹn. Wọ́n ti jí sítóòfù Ìyá Wàsíù gbé tòun ti ìkòkò ẹ̀wà lórí rẹ̀. Ìyá Wàsíù yìí ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, obìnrin gbàǹgbà tí ohùn rẹ̀ máa ń dé títì. Nísinsìnyí aṣọ ń sùn lórí okùn, ó ń jí níbẹ̀. Ìyá Wàsíù á máa kí ìyá mi bí ẹni ń kí olóyè, "Ẹ kú àbójútó wa o, àǹtí mi, Ọlọ́run á gbè yín." Ìyá mi á dúpẹ́, wọ́n á wọlé wá sọ fún bàbá mi pé Ìyá Wàsíù fẹ́ràn òdòdó ju bí àwọn ṣe rò lọ.

Ìyá bàbá mi ló tú ọ̀rọ̀ náà síta. Wọ́n wá láti Ìsẹ́yìn nítorí wòlímọ̀ mi, ìyẹn ayẹyẹ tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó bá ka Àlùkùránì parí. Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé, èmi àti ìyá mi lọ pàdé wọn lẹ́nu géètì. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí fẹ́ǹsì, wọ́n sọ báàgì wọn kalẹ̀.

Wọ́n ní, "Ta ló pààlè sílé ọmọ mi?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Ààlè kẹ̀? Fíláwà ni, Màmá."

"Fíláwà inú ẹsẹ̀ bàtà kan? Tó o fi àkísà pupa so? Ìkarahun ìgbín tún wà nílẹ̀? Peregún dúró ní igun!" Ìyá àgbà ò kígbe, ṣùgbọ́n àwọn wẹ́dà ti dákẹ́, ẹni tó ń lọ ata ti pa ẹ̀rọ rẹ̀. "Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí kò bá fẹ́ kí olè fọwọ́ kan oko rẹ̀ ló ń so irú èyí mọ́ igi. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èpè ló fọwọ́ kàn. Wọn ò kọ́ ẹ ni?"

Wọn ò kọ́ ìyá mi. Múṣin ni wọ́n bí wọn sí, Múṣin ni wọ́n dàgbà sí, ẹsẹ̀ wọn ò tẹ oko rí. Ohun tí gbogbo ẹni tó ti ìlú wá ń kà bí ẹni ń ka pátákó ojú ọ̀nà, ìyá mi ò mọ̀ pé ó ṣeé kà. Mo rí i bí ẹ̀rín ṣe kúrò lójú wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wo fẹ́ǹsì, wọ́n wo àwọn tó dúró lójúde, gbogbo ìkíni Ìyá Wàsíù àti gbogbo ẹni tó ti yà sí òdìkejì títì sì pa dà wá sí wọn lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò tíì rí àgbàlagbà tí ojú tì tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Nígbà tó máa fi di ìrun Alásárì, ọ̀rọ̀ ti dé etí Ààfáà wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í na ọmọ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn fúnra wọn ló wá sílé wa. Wọ́n dúró sẹ́yìn gọ́tà, wọn ò wọlé. Wọ́n ní, "Ìyá Mùínà, ẹ má bínú. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru."

Ìyá mi tú bàtà kan kúrò lórí fẹ́ǹsì, wọ́n yí i dé sílẹ̀ níwájú Ààfáà. Iyẹ̀pẹ̀ ló dà sílẹ̀, àti gbòǹgbò àbámodá, àti ekòló kan. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó fúnra yín. Kí lẹ rí níbẹ̀? Mo ń kírun mi, Ààfáà. Fíláwà lásán ni."

Ààfáà ní, "Mo gbà yín gbọ́. Ọlọ́run náà gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn òbí àwọn ọmọ yòókù ti wá bá mi. Wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí ọmọ àwọn jókòó ka kéwú nídìí ààlè. Tí kò bá kúrò níbẹ̀, wòlímọ̀ ọmọ yìí á di ọdún tó ń bọ̀."

Àwọn ọmọ ilé kéwú ti tò sẹ́yìn Ààfáà. Mo ti há ojú ewé tó kẹ́yìn sórí. Wọ́n ti rán aṣọ funfun mi. Ìyá mi wo Ààfáà, wọ́n wo ìyá àgbà, wọ́n wá wò mí, èmi sì ń wo ekòló tó ń wọ́ lọ nílẹ̀. Ìyá mi ní, "Ó ti tán, Ààfáà. Mùínà, lọ gbé àpò wá."

Wọn ò rán mi níṣẹ́ rí tí mo yára jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo sáré wọlé, mo sáré jáde, mo la ẹnu àpò sílẹ̀ fún wọn. Ìyá mi ń tú bàtà, wọ́n ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dà nù, wọ́n ń fi sínú àpò. Wọ́n fa peregún tu, wọ́n gbá ìkarahun ìgbín jọ. Táyà àti abọ́ nìkan ló kù nílẹ̀, àti àmì ìpẹtà lára fẹ́ǹsì níbi tí bàtà ti jókòó. Inú mi dùn. Kí n má parọ́, mo jẹ ẹ̀bà alẹ́ ọjọ́ náà tán, mo tún bèèrè sí i.

Ọjọ́ wòlímọ̀ pé, wọ́n tẹ́ ẹní sójúde látẹnu géètì dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ ata, wọ́n ta tapólì bò ó. Gbogbo èèyàn bọ́ bàtà sí orí ilẹ̀ tóóró tí ọgbà wà tẹ́lẹ̀. Èmi náà jókòó nínú aṣọ funfun mi, mo ka tèmi láìṣìnà, ìyá àgbà ń sunkún, bàbá mi ń lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Wọ́n ṣàdúà, wọ́n jẹ ìrẹsì àti ẹran àgbò. Nígbà tí Ààfáà wá dìde láti lọ, wọn ò rí bàtà wọn. Bàtà awọ funfun tuntun ni, ẹ̀bùn tí ọmọ wọn rà fún wọn. A wá a títí, a gbé ẹní sókè, a wo inú gọ́tà. Olè ti lọ. Ìyá Wàsíù wá pàtẹ́wọ́, ohùn rẹ̀ sì dé títì. "Ẹ ò rí i bí? Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kó o? Ìgbà tó wà níbẹ̀, ta ló tó bẹ́ẹ̀!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rí ojú Ààfáà, wọ́n sì gbé ẹ̀rín náà mì. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ọjà wọn ti wà ní títì pa nínú ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́yìngbò, kò sí bàtà ọkùnrin kankan nílé tó máa gba ẹsẹ̀ Ààfáà, torí ẹsẹ̀ bàbá mi kéré. Wọ́n lọ sẹ́yìn ilé, mo gbọ́ tí wọ́n ń tú àpò. Nígbà tí wọ́n máa fi jáde, ẹsẹ̀ bàtà méjì ló wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa rẹ́súrẹ́sú bí obì, omi ṣì ń kán lára wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú Ààfáà, wọ́n tò ó síbi ẹsẹ̀ wọn. "Ẹ dákun, Ààfáà, kì í ṣe ìran kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀tún ni, òsì ni."

Ààfáà ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ó gbà mí." Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì rin títì náà lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ dúdú àti ẹsẹ̀ pupa, wọ́n ń dáhùn ìkíni lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ọmọ tó ń pè mí ní Ẹlẹ́sẹ̀ Kan dúró, wọn ò fò, wọn ò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí orí mi wú. Àmọ́ ìyá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, iyẹ̀pẹ̀ wà ní èékánná wọn ní ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n jókòó bí ìyá ọlọ́mọ, ó sì ṣe mí bíi kí n bọ́ aṣọ funfun náà dà nù.

Ààfáà dá bàtà náà pa dà ní dídán, wọ́n ní kí n sọ fún ìyá mi pé bí wọ́n bá fẹ́ dá ọgbà wọn pa dà, kò sẹ́ni tó máa dí wọn lọ́wọ́. Ìyá mi dúpẹ́ gan-an. Wọn ò dá a pa dà. Ẹni tó ń fi ọmọlanke kó pàǹtí ló gbé àpò bàtà lọ, ewúrẹ́ sì gba ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ Àìkú, tí a bá tú béèlì tán, ìyá mi á kó ẹlẹ́sẹ̀ kan jọ, wọ́n á dà á nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin bíi ti àwọn oníbàtà yòókù. Gbogbo wa gbà pé Ààfáà ló fà á, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi di ìyá ọlọ́mọ.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá ní kí n wá bá òun jẹun níbì kan tí àwọn ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀ ti máa ń mu kọfí. Ògiri ibẹ̀ kún fún òdòdó nínú táyà, nínú irin fáànù, nínú bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan. Àwọn èèyàn ń ya fọ́tò nídìí rẹ̀. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n yà yín níbẹ̀, ó fine gan-an." Mi ò lè dìde. Ó rò pé orúnkún mi ni.

Nígbà tí mo délé ní Sùúrùlérè, níbi tí ìyá mi ti ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí, mo sọ ohun tí mo rí fún wọn. Lọ́jọ́ kejì mo ra iyẹ̀pẹ̀ dúdú, mo wá ẹsẹ̀ bàtà mi kan tó ti ya, mo gbé e síwájú wọn lójúde pẹ̀lú àbámodá. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi ṣe é. Kò sí Ààfáà kankan tó máa ní kẹ́ ẹ kó o."

Wọ́n mú bàtà náà, wọ́n ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ bíi tàtijọ́. "Ààfáà wo? Ta ló ń sọ ti Ààfáà? Èèyàn dáadáa ni Ààfáà." Wọ́n yí gìgísẹ̀ rẹ̀ sókè, wọ́n wò ó. "Oníbàtà ni mí, Mùínà. Lójoojúmọ́ ni mò ń fọ ẹrọ̀fọ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀ kúrò lára sálúbàtà rẹ. Ṣé o rò pé mi ò mọ ibi tí ọmọ mi ń gbà wọlé ni?"

Mi ò lè gbójú sókè. Mò ń wo ilẹ̀, bí mo ṣe wò ó lọ́jọ́ ekòló yẹn. Ìyá mi bu iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀kún ọwọ́ kan, wọn ò tíì dà á sínú bàtà.

Wọ́n ní, "Tí mo bá gbìn ín, ṣé iwájú lo ó máa gbà wọlé?"

Ilé mi ò ní ju géètì kan lọ, àwọn náà sì mọ̀. Mo ní, "Iwájú ni, Mọ́mì." Ṣùgbọ́n etí wọn ti ń di. Wọ́n ní kí n tún un sọ.